Ẹ̀sùn Lórí Èsì Àyẹ̀wò DNA Ajá Mẹ́ta: Pug Wo Ló Dé Ìkẹ́rẹ́?

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà,
Èkó.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Owó mi ni mo ń béèrè, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ìwé ṣàtúnṣe èsì àyẹ̀wò DNA, èyí tó ń sọ ẹ̀yà ajá, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí ajá mẹ́ta: Sùúrù, abo ajá mi, àti méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀. ₦120,000 ni mo san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Rìsíìtì wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, pẹ̀lú èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti gbogbo ohun tí èmi àti òṣìṣẹ́ yín jọ sọ lórí WhatsApp.

Ajá ọdẹ ni Sùúrù. Ọwọ́ bàbá ọdẹ kan ní ìsàlẹ̀ òkè Olósùnta ni mo ti rà á. Ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ni bàbá náà ń kó lọ sígbó ọ̀yà. Pupa ni, irun rẹ̀ mọ́ ara pẹ́kípẹ́kí, àyà rẹ̀ rí tóóró, ìrù rẹ̀ ká sórí ìdí. Irú ajá tí àwọn tó ń ta ajá òyìnbó máa ń pè ní Bingo, tí wọ́n á sì yínmú sí. Nígbà tó ń wá akọ, mo mú un lọ bá Alsatian kan tó ní ìwé ìran ní Adó. Nígbà tí mo mú un dé, inú àgò ni mo sé e mọ́ títí àkókò náà fi kọjá. Akọ mìíràn kò débẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan ní Àkúrẹ́ fẹ́ ra méjì nínú àwọn ọmọ náà kí wọ́n máa bá a ṣọ́lé, ó sì ní òun máa rí ìwé kí òun tó san owó tó kù. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, mo béèrè iye tí àyẹ̀wò jẹ́. Òṣìṣẹ́ yín kò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi tó ti ń kà á bí ẹni pé òun ló gbẹ̀bí: “Mọ́mì, ẹ wo bí orí ẹ̀ ṣe tóbi! Boerboel ni, á tó 40%. Rottweiler ló kù.” Ajá ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́lé ni méjèèjì. Kí ló rí? Ọmọ ajá dúdú tí àyà rẹ̀ funfun, tí etí rẹ̀ kan nà ró, tí èkejì ṣì ṣubú. Gbogbo ohun tó rí náà nìyẹn.

Nígbà tí èsì dé, kò sí Boerboel níbẹ̀, kò sí Rottweiler. Ẹ̀rọ tiyín ló já òṣìṣẹ́ tiyín nírọ́. Kò yà mí lẹ́nu, torí ojú lásán kì í mọ àdàlù ajá. Àwọn tó jẹ́ pé ìtọ́jú ajá ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn ní ibùdó ajá ní Amẹ́ríkà pàápàá, nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, mọ ẹ̀yà kan ó kéré tán lára ajá àdàlù ní ìgbà bí 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà tí wọ́n mọ̀ ju ẹ̀yà kan lọ kò ju nǹkan bí 10 lọ. Kí wá ni ẹni tó jókòó sí Èkó ń fi fọ́tò pín ìdá sí?

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ fọ́tò kéré lára ẹjọ́ mi. Ti DNA gan-an ló gbé mi kọ̀wé.

Lára ọmọ méjèèjì, èsì yín sọ pé 50% jẹ́ German Shepherd, èyí tí àwa ń pè ní Alsatian. Ibẹ̀ yẹn dára, mo kí yín. Ìdajì tó kù ni ẹ ti sọ̀kò lu ọjà. Ẹ ní Sùúrù jẹ́ Basenji 21%, Chow Chow 19%, Shar-Pei 14%, Akita 12%, lẹ́yìn náà ni Chihuahua, ajá kékeré jọjọ nì, àti àwọn wẹ́wẹ́ mìíràn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju 3% sí 5% lọ. Ọmọ kejì wá ní Pug 7%, ajá kékeré onímú pẹlẹbẹ nì.

Níbo ló ti rí Pug? Ìdajì DNA ọmọ ajá ọ̀dọ̀ ìyá ló ti ń wá, ìdajì ọ̀dọ̀ bàbá. Bàbá ti san ìdajì tirẹ̀ pé, Alsatian ni. Ọ̀dọ̀ Sùúrù nìkan ni Pug lè gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ kò sí Pug kankan, kékeré tàbí ńlá, nínú èsì Sùúrù. Mo mọ̀ pé akọ méjì lè bímọ sínú oyún ajá kan ṣoṣo, ẹ má fi ìyẹn dá mi lóhùn: ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá yàtọ̀ kò ní ní Alsatian lára. Mo sì mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà méjì lè gba ìpín tó yàtọ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn, n kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ohun tí ìyá kò ní ni mo ní kò lè fún ọmọ.

Mo ka gbogbo ìwé tí ẹ fi kún èsì náà. Àwọn ajá tí DNA wọn wà nílé lọ́dọ̀ yín ni ẹ ń fi tuntun wé, ajá ìbílẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kò sì sí nínú wọn. Ó wá dà bí ìbéèrè JAMB tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí láti A dé D, tí wọ́n sì ní o gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Ẹ̀rọ yín mú. Nígbà tí kò rí ibi tí yóò fi Sùúrù sí, ó fọ́n ọn káàkiri. Ti Basenji tiẹ̀ ṣeé gbọ́, torí àgbègbè Kóńgò ló ti wá. Chow Chow ńkọ́? Ajá Ṣáínà onírun kìkì, tí ahọ́n rẹ̀ dúdú mọ́ búlúù! Ajá ni wọ́n fi ń bọ Ògún ní Ìrè-Èkìtì níbí kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀. Ta ló kó Chow Chow wá fún wọn?

Ẹ kò sì lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò tíì wo ajá wa. Láti 2009 ni olùwádìí Adam Boyko àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ iṣẹ́ jáde lórí ajá abúlé Íjíbítì, Uganda àti Namibia, tí wọ́n sì fi hàn pé àwọn ajá ìbílẹ̀ wà ní Áfíríkà tí ìran wọn dá dúró, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ ajá òyìnbó lára wọn. Ní 2018, àwọn olùwádìí mìíràn tún tẹ iṣẹ́ jáde lórí odindi DNA àwọn ajá ìbílẹ̀ Nàìjíríà. “Ajá ìbílẹ̀ Áfíríkà” tó láti kọ síbẹ̀. “A kò mọ̀ ọ́n” pàápàá tó.

Abẹ́ àwòrán Chow Chow lẹ kọ ọ́ sí pé ajá náà lè le sí àlejò àti ọmọdé. Ọ̀gbẹ́ni Àkúrẹ́ kà á, ó dé ibi Chihuahua àti Pug, ó ní ajá tí yóò ṣọ́ ilé lòun ń wá, kì í ṣe ti orí àga, àti pé òun kò lè gbé ajá tí yóò bu ọmọ òun jẹ wọlé. Mo dá àsansílẹ̀ rẹ̀ padà. Ìwádìí tó jáde ní 2022, lórí ajá tó lé ní 18,000, sọ pé nínú ohun tó mú ìwà ajá kan yàtọ̀ sí ti èkejì, nǹkan bí 9% péré ni ẹ̀yà kó níbẹ̀. Ẹ kò kọ ìyẹn síbẹ̀.

Nígbà tí mo pè, èsì tí mo gbà ni pé bóyá Sùúrù jáde lóru. Kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ tún èsì ọmọ kejì kà.

Owó àyẹ̀wò Sùúrù, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà. Ti àwọn ọmọ, bí ẹ bá lè tún un ṣe ní lábù tó ní ajá ìbílẹ̀ Áfíríkà láàárín èyí tó ń fi wé, láì gba owó mìíràn, mo gbà. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ dá ìyẹn náà padà. Ẹ kọ lẹ́tà kan tí mo lè fi han oníbàárà mi, pé ìdajì tó wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kò ṣeé gbára lé. Ẹ sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín kí wọ́n yé fi fọ́tò pe ẹ̀yà ajá fún ẹni tí wọ́n ń tajà fún.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún yín. Bí n kò bá gbúròó yín, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni n óò kó àwọn ìwé yìí lọ fún. Àkáǹtì tí mo fi sanwó ni kí ẹ dá a padà sí, ẹ má sọ pé ẹ ó fi ṣe ẹ̀dínwó lórí àyẹ̀wò mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ pè mí, ẹ pè lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọjà ni mo máa ń wà láàárọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alájá,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.