Èéfín sìgá ń wọ ikùn náà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àyọkà tí ẹ gbé jáde lórí sìgá dára, àmọ́ àwòrán ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló wà níbẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ni gbogbo èéfín ń parí sí. Ẹ kò mẹ́nu ba ọ̀nà oúnjẹ rárá, òun náà sì ń gba tirẹ̀.

Oríṣi méjì ni èéfín tó ń bá ẹni tí kò mu sìgá jà: èyí tí amusìgá tú jáde lẹ́nu, àti èyí tó ń rú láti ẹnu sìgá nígbà tó bá mú un lọ́wọ́ lásán tàbí tó gbé e sórí àwo eérú. Èkejì yìí ló pọ̀ jù. Òun náà ló dọ̀tí jù, nítorí kò gba inú àsẹ́ ìdí sìgá kọjá, iná rẹ̀ kò sì gbóná tó ti ìgbà tí wọ́n ń fà á, kò jóná tán. Kẹ́míkà inú èéfín tábà lé ní 7,000, nǹkan bíi 70 nínú wọn ló sì ń fa jẹjẹrẹ. Tí èèyàn bá fà á símú, díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú ọ̀nà atẹ́gùn. Irun wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ á máa gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà gòkè wá sí ọ̀fun, a ó sì gbé e mì láìfura. Ó di inú ikùn nìyẹn. Òmíràn á gba ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e dé ẹ̀dọ̀.

Ó yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ká má bù mọ́ ọn. Ní ti amusìgá fúnra rẹ̀, àríyànjiyàn ti tán: sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun, àpòlúkù, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ńlá. Ní ti ẹni tó jókòó tì í, ti ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀rí rẹ̀ dúró gbọn-in. Ìdí nìyí tí IARC, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde ní 2004 pé ó dájú pé èéfín sìgá ẹlòmíràn ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀rí ti ọ̀fun kò tó bẹ́ẹ̀, ti ikùn àti ìfun kò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà kan náà ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀, kò sì sí ìwọ̀n tí a lè pè ní kò-léwu. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ti sìgá tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a jọ ń jẹ kòkòrò náà ni.

Fáànù ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Kì í lé èéfín, ṣe ló ń pín in kárí. Fèrèsé ṣíṣí ń dín in kù, kò lè mú un tán, fẹ́ẹ́ṣínà olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fín sínú yàrá sì ń bo òórùn mọ́lẹ̀ lásán. Nínú ilé tí yàrá ti kọjú síra, sìgá ẹyọ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn dé gbogbo yàrá. Kí ẹni tí kò bá tíì lè fi í sílẹ̀ jáde síta gbangba, kó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kó dúró díẹ̀ kó tó wọlé, kó pààrọ̀ ẹ̀wù, kó sì fọ ọwọ́ kó tó gbé ọmọ. Eérú àti ọ̀dà èéfín ń lẹ̀ mọ́ ẹní, kọ́tìnnì àti ògiri. Ọmọ tó ń rákò á fọwọ́ kàn án, á sì ki ọwọ́ bọ ẹnu. Ọ̀nà ikùn tààrà nìyẹn.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 ka sìgá mímu léèwọ̀ nínú ọkọ̀ èrò, ilé oúnjẹ, ilé ọtí, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ó ní kí wọ́n má tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, páálí ẹlẹ́yọ 20 ló kéré jù. Ẹni tó bá ti dúró ní gáréèjì Kútọ̀ tàbí Lafẹ́nwá ní Abẹ́òkúta níbí mọ bí òfin yẹn ṣe ń sùn tó. Ẹ̀yin tó ní ilé ọtí, ẹ kó àwo eérú kúrò lórí tábìlì lónìí, ẹ gbé e síta. Ibi tó bá wà ni wọ́n á ti máa mu ún. Ọtí fúnra rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀; tí òun àti sìgá bá pàdé lọ́fun ẹnì kan, ewu rẹ̀ á pọ̀ ju ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Ó ku àmì àìsàn, ibẹ̀ la sì ti ń pẹ́ jù. Ẹ wo bí oúnjẹ ṣe ń há ní ọ̀fun: ẹ̀bà tàbí láfún á kọ́kọ́ há, tó bá yá ẹ̀kọ mímu, lẹ́yìn náà omi. Kí ẹni tí ẹ̀bà bá ti ń há fún má dúró de ti omi. Egbò ẹnu tó lé ní ọ̀sẹ̀ 3 láìjinná, ẹyinjú tó pọ́n bí ìyeyè, ara tó ń rù láìnídìí, dókítà ló yẹ kó rí gbogbo wọn. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ ni wọ́n máa ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí, tí wọ́n á sì fi oṣù mẹ́fà mu àgbo. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́, àyẹ̀wò ló máa sọ. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà náà lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ láti àpòlúkù, ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.