Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ̀tọ́ Akanda Ẹ̀dá

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi.

Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari bọwọ́ lu òfin tó kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fojú tínrín akanda ẹ̀dá, ìyẹn aláàbọ̀ ara, tàbí kó fi ohun tó tọ́ sí i dù ú. Ẹni tó bá rú u yóò san ₦100,000, tàbí kó fi aṣọ péńpé roko ọba fún oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, ₦1,000,000 ni. Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ti ṣe òfin tiwọn láti ọdún 2011.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ojú arábìnrin wa kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ rí ní báńkì láìpẹ́ yìí. Ilẹ̀kùn onígíláàsì tó ń gba ẹyọ ẹnì kan wọlé yẹn, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀ṣọ́ ní kó mú káàdì rẹ̀ wá, kó sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, òun á bá a gba owó jáde. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pariwo lórí rédíò lójoojúmọ́ pé ká má sọ fún ẹnikẹ́ni! Bó ṣe kọ̀ tó jókòó síta, ẹnì kan tó ń kọjá lọ ju ₦200 sí i lẹ́sẹ̀, ó rò pé alágbe ni. Owó rẹ̀ wà nínú báńkì, kò rí i gbà. Èyí tí kò tọrọ ló wá bá a.

Àánú kò wọ́n lọ́wọ́ wa, ará. Ẹ̀tọ́ ló wọ́n. A ó fún afọ́jú lówó, a ò ní fún un níṣẹ́, bó tilẹ̀ gbé ìwé ẹ̀rí yunifásítì wá. Òfin yìí ní kí akanda ẹ̀dá tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ó ní níbi tí èrò bá ti tò, àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kùn nílé ìwòsàn pé "ara àwa náà ò yá", ẹ jọ̀ọ́. Òfin náà tún ka fífi wọ́n ṣagbe sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ó ti pé láti oṣù Kìíní ọdún 2024. Àwọn kan ń bi mí bóyá ó kan ṣọ́ọ̀ṣì. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn òfin. Léfítíkù 19:14 kan ṣọ́ọ̀ṣì: a kò gbọdọ̀ bú adití, a kò sì gbọdọ̀ gbé ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú. Àtẹ̀gùn mẹ́fà ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa, kò sí irin ìdìmú kankan. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń gbé arábìnrin yìí wọlé bí àpò ìrẹsì, ojú sì máa ń tì í.

Lẹ́yìn ìsìn òní, bíríkìlà yóò wá wọn ẹnu ọ̀nà wa, kó lè ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà síbẹ̀. Símẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀, iyanrìn ló kù. Arábìnrin wa fúnra rẹ̀ ni yóò sọ bí ọ̀nà náà yóò ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó. Kí ẹnikẹ́ni má bá a pinnu. Ẹni tó bá sì gbọ́ èdè àwọn adití, kó rí akọ̀wé ìjọ.

Olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Kristi.