Àjíkẹ́, ta ló ní kó o sùn sórí bẹ́ǹṣì?

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń pè ẹ́, á dún títí, o ò ní gbé e. Kí n tó sọ nǹkan míì, ṣé lóòótọ́ ni pé o sùn sórí bẹ́ǹṣì ní téṣàn rélùwéè ní Frankfurt? Ìyá Sìkírù ló wá bá mi nídìí igbá ẹja lọ́jà Olúwo, ó ní ọmọ òun rí i lórí sítátọ́ọ̀sì ẹ pé ọkọ̀ tó gbé ẹ wá pẹ́, èyí tó o fẹ́ wọ̀ ti lọ, o wá fi báàgì ṣe ìrọ̀rí. Ojú àwọn kọ́sítọ́mà mi ló ti sọ ọ́ o. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo délé, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ara wa le níbí. Bùrọ̀dá ẹ ti pààrọ̀ páànù ilé ìdáná, ewúrẹ́ ti bí méjì, ẹja wọ́n, ọdún Kayókayò ń bọ̀, wọ́n sì ti ń da aṣọ ẹbí lé mi lọ́rùn. Ìyẹn náà nìyẹn.

Àjíkẹ́, bẹ́ǹṣì! Ìwọ tó jẹ́ pé tí ẹ̀fọn kan bá kọrin sí ẹ létí nílé yìí wà á jí gbogbo wa. Ṣé òtútù ò mú ẹ jù? Ṣé o rí nǹkan gbígbóná mu nígbà tílẹ̀ mọ́? Èmi ò mọ Frankfurt, àmọ́ mo mọ téṣàn lóru, mo mọ irú àwọn tó máa ń rìn káàkiri níbẹ̀ tí wọn ò sì ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

Mo ní kí bùrọ̀dá ẹ bá mi wò ó lórí fóònù. Ó ní òfin Yúróòpù sọ pé tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lo fi ń lọ, tí ọkọ̀ wọn pẹ́ débi pé o ò lè débi tó ò ń lọ lọ́jọ́ yẹn mọ́, àwọn ló yẹ kó wá ibi tí wà á sùn fún ẹ. Ṣó o bi wọ́n? Ṣó o tiẹ̀ dé kàǹtà wọn kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ pé ọkọ̀ pẹ́? Tó bá pẹ́ tó wákàtí 1 wọ́n á dá ìdá 25 nínú 100 owó ẹ padà, tó bá tó wákàtí 2, ìlàjì. Owó ẹ ni, gbà á. Ó tún ní àwọn kan wà tó ń ran arìnrìn-àjò lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè ní Bahnhofsmission, wọ́n wà ní téṣàn tó lé ní 100 ní Jámánì níbẹ̀, aṣọ búlúù ni wọ́n máa ń wọ̀, wọn kì í gbowó. 1894 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Berlin, torí àwọn ọmọbìnrin tó ń wáṣẹ́ wá sígboro tí àwọn èèyànkéèyàn ń dúró dè lẹ́nu ọkọ̀. Torí irú ẹ gan-an ni. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣí mọ́jú o, wò ó kó o tó gbéra.

Ìrìn tó jìn bíi Leipzig sí Basel yẹn, àárọ̀ ni kó o máa bọ́ sọ́nà, má gba tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó kẹ́yìn lálẹ́ ni wà á pààrọ̀ sí. Tí ilẹ̀ bá wá ṣú mọ́ ẹ, ibi tí iná wà tí àwọn arìnrìn-àjò ẹgbẹ́ ẹ pọ̀ sí ni kó o jókòó sí, kó o fi okùn báàgì kọ́ ẹsẹ̀, kí pásípọ́ọ̀tù wà lára ẹ lábẹ́ aṣọ, kí fóònù ní ṣáájì. Ẹni tó bá ní kó o wá sùn lọ́dọ̀ òun, kódà kó máa bá ẹ sọ Ìjẹ̀bú, má tẹ̀ lé e. 110 ni nọ́ńbà pólíìsì wọn. Àmọ́ kí ni mo ń sọ gan-an, mi ò fẹ́ kó o tiẹ̀ sùn síbẹ̀ rárá!

Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo máa ń sọ pé wọ́n jà mí lólè ní Kánò ní 1987. Kì í ṣe Kánò. Ní Ìddó ni mo ti wọkọ̀ rélùwéè, ọkọ̀ bà jẹ́ ní Jẹ́bà lóru, àwọn ìyá tá a jọ ń kó ẹja lọ gba yàrá, wọ́n ní kí n wá dá náírà 5, mo ní rárá, mo fẹ́ ṣọ́ owó ná. Owó màmá mi ni, gbogbo àjọ wọn, mo dì í mọ́nú ọ̀já mo so ó mọ́kùn. Mo na ara sórí sìmẹ́ńtì, mo gbórí lé apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo jí, ọ̀já náà ti wà ní méjì, abẹ ni wọ́n fi gé e, ojú ibi tí wọ́n gé gún régé, òwú kan ò yọ. Owó tó lọ ti lọ. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ọwọ́ èèyàn wà níkùn mi lóru ọjọ́ náà, mi ò sì mọ̀. Títí dòní, tí mo bá sùn, mo máa ń gbé ọwọ́ lé ikùn.

Mo délé mo purọ́ fún màmá mi pé àwọn adigunjalè ni, torí mo mọ̀ pé tí mo bá sọ òótọ́ wọ́n á bi mí pé náírà 5 ṣe pọ̀ tó. Wọ́n kú, wọn ò mọ̀.

Oṣù tó kọjá tó o béèrè owó, mo jágbe mọ́ ẹ, mo ní kí lo fi ti tẹ́lẹ̀ ṣe. Ṣé ohùn mi yẹn lo rántí tó o fi wo owó hòtẹ́ẹ̀lì tó o sì lọ sórí bẹ́ǹṣì? Tó bá jẹ́ òun ni, jọ̀ọ́, má bínú sí mi, Àjíkẹ́.

Mo ti kówó fún bùrọ̀dá ẹ kó fi ránṣẹ́. Owó yàrá ni, má fi ra bàtà, má sì ṣọ́ ọ ná. Nígbà tó o bá ná an tán, sọ fún mi, mi ò ní béèrè ohun tó o fi ṣe. Fóònù mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru, pè mí.

Ìyá ẹ, ní Ẹ̀pẹ́.