Àjọkẹ́, ọ̀nà Alaska gba orí omi kọjá

Tacoma, Ìpínlẹ̀ Washington,
Oṣù Kẹsàn-án.

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ olùkọ́ ńkọ́? O bi mí lórí fóònù pé báwo ni èèyàn ṣe ń wa mọ́tò lọ sí Alaska tí yóò tún wọ ọkọ̀ ojú omi, kí n tó fèsì, nẹ́tíwọ̀kì ti gé wa. Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà gba ìjókòó.

Mọ́tò onílé ni Bàbá Tọ́lá háyà, èyí tí wọ́n ń pè ní RV níbí: bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fíríìjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. A wà á lọ sí Bellingham, ìlú etí omi kan tí kò jìnnà sí ààlà Kánádà, níbi tí ọkọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Alaska ti ń gbéra. Bí mọ́tò bá ṣe gùn tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, tiwa sì gùn. Kí a tó wọlé, wọ́n ní ká ti gáàsì ìdáná pa pátápátá. Òṣìṣẹ́ kan wá ń fọwọ́ júwe fún Bàbá Tọ́lá: máa bọ̀, máa bọ̀, yà sósì díẹ̀, ó tó! Nígbà tí a fi dúró, àlàfo tó wà láàárín àwa àti tírélà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò gba ju ọwọ́ mi lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi rìn jáde. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sínú mọ́tò mọ́. Wọ́n a máa kéde àkókò díẹ̀ tí èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ajá rẹ̀ tàbí lọ mú ẹ̀wù. Nítorí ọ̀rọ̀ gáàsì yẹn, mo ti se ìrẹsì àti ata díndín láti ilé, mo kó wọn sínú kúlà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì la gbéra. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú la tó fojú kan Ketchikan, ìlú àkọ́kọ́ ní Alaska. Láàárín ìgbà yẹn, erékùṣù lọ́tùn-ún, òkè lósì, igbó dúdú tó wálẹ̀ títí kan omi, kò sì sí ilé. Àwọn tí kò gba yàrá pàgọ́ sí ìta gbangba lẹ́yìn ọkọ̀. Téèpù ni wọ́n fi lẹ àgọ́ mọ́ irin, nítorí èèkàn kò ṣeé kàn níbẹ̀. Òrùlé kan wà tí iná tó ń mú ooru jáde so mọ́ abẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì tò sùn síbẹ̀ lórí àga gbọọrọ. Àwa gba yàrá, ṣùgbọ́n abẹ́ iná yẹn ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ibẹ̀ ni mo ti bá ìyá àgbà kan pàdé, ọmọ Tlingit, àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé. Ó lọ rí dókítà ní Seattle ni, ó ń padà sílé. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀nà méjì ni gbogbo Tlingit pín sí, ẹyẹ Ìwò àti ẹyẹ Idì. Ọmọ Ìwò kì í fẹ́ ọmọ Ìwò, ìdílé ìyá sì ni ọmọ ń bá lọ. Ló bá bi mí pé, “Ìwọ ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́?” Àjọkẹ́, láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Mo ní ọmọ Òpómúléró ni mí, òpó tó gbé ilé ró ni wọ́n fi ń ki wá. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ kí n wọ takisí lọ sí Saxman, abúlé Tlingit kan nítòsí ibẹ̀, kí n lọ wo òpó tiwọn.

Mo lọ nínú òjò (Ketchikan a máa gba òjò tó ju 130 ínṣì lọ lọ́dún). Igi kédárì ni wọ́n gbẹ́ àwọn òpó náà láti ìdí dé orí: ìwò, béárì, àbùùbùtán, ọ̀kan lórí èkejì. Wọn kì í bọ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn míṣọ́nárì rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ìtàn ìdílé ló wà lára wọn. Òmíràn wà fún ìrántí òkú, òmíràn sì wà láti dójú ti ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san.

Ọdún 1963 ni ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ yìí. Òfin wọn ni pé orúkọ àwọn yìnyín ńlá orí òkè Alaska, tí wọ́n ń pè ní glacier, ni kí wọ́n máa sọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú pópó gan-an ni wọ́n kà á sí, òun ló sì ń gbé aláìsàn, oúnjẹ, àti àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú kejì. Juneau tó jẹ́ olú-ìlú kò ní títì kankan tó jáde síta. Lọ́dún 2019, ìjọba gé owó ọkọ̀ kù gan-an, àwọn ìlú kéékèèké kan sì lo ọ̀pọ̀ oṣù láìrí ọkọ̀ kankan. Ó dùn mí nígbà tí ìyá yẹn ń sọ ọ́, nítorí mo mọ ohun tó jẹ́ láti dúró sí ẹ̀bá omi ní Ìgbókòdá kí ọkọ̀ má dé.

Fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ: ọ̀nà omi tóóró kan wà lẹ́bàá Petersburg, ìlú Alaska kan, Wrangell Narrows ni wọ́n ń pè é, nǹkan bí máìlì 22. Omi òkun ń kún wọ ibẹ̀ láti ẹnu méjèèjì, ó sì ń pàdé láàárín. Ọkọ̀ ń rọra wọ́ láàárín iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé, etí bèbè sì súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí àga lójúde àwọn èèyàn.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Juneau, a sì gbé mọ́tò lọ sùn sétí adágún Mendenhall. Yìnyín ńlá Mendenhall wà lódìkejì omi, aláwọ̀ búlúù, nǹkan bí máìlì 13 ní gígùn. Ó ń fà sẹ́yìn lọ́dọọdún. Kòtò ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yìnyín kékeré kan ti yọ́ kúrò. Omi ń gba ibẹ̀ kún, yìnyín ńlá ló sì dá a dúró. Bí omi náà bá ti rí ọ̀nà gba abẹ́ yìnyín, á ya lu odò ìlú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ó ya, ó gbẹ́ bèbè lọ, ilé sì wó sínú odò. Wọ́n fi ibẹ̀ hàn mí. Ojú mi rí Juneau, ọkàn mi wà ní Àyétòrò tí òkun ń jẹ, lọ́dọ̀ Màmá. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí àwa náà bá lọ́mọdé, ojúlé mélòó ló kù sí òpópónà tí a ti ń ta ẹja? Omi tó ń yọ́ níhìn-ín, inú òkun kan náà ló ń já sí. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ fi pamọ́ fún ọ.

Láti Juneau a tún wọ ọkọ̀ dé Haines, níbi tí títì ti bẹ̀rẹ̀ padà. Ní odò Chilkoot, a rí béárì abiyamọ kan. Ó fi èékánná tẹ ẹja salmon mọ́ òkúta, ó bó awọ rẹ̀ jẹ, ó jẹ ẹyin inú rẹ̀, ó sì fi ẹran sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ. Àjẹkù yẹn náà ló ń di ajílẹ̀ fún àwọn igi etí odò. Mo wò ó títí Bàbá Tọ́lá fi ní ká máa lọ.

Títì tí a gbà bọ̀ nílé kọjá sí Kánádà, ó já sí Alaska Highway. Àwọn sójà Amẹ́ríkà ló là á ní 1942, ó sì lé ní 3,000 aláwọ̀ dúdú tó wà lára wọn, nínú òtútù tí wọn kò bí wọn sí. Sọ ìyẹn náà fún àwọn ọmọ.

Àbúrò mi ń bọ̀ nílé ní oṣù Kejìlá. Èmi yóò fi máàpù ọ̀nà omi náà rán an sí ọ, èyí tó tóbi, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì. Jọ̀wọ́, tètè fèsì lórí ọ̀rọ̀ Màmá: ṣé wọ́n ti gbà láti kó wá sọ́dọ̀ rẹ ní Òkìtìpupa? Tó bá jẹ́ owó ìkẹ́rù ló kù, sọ fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́