Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́: Ọ̀rọ̀ tí o rò pé o mọ̀

Ẹ̀pẹ́,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Àbúrò rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ o, kí o má bínú. Ọjà kò burú. Epìyà ń wọlé dáadáa ní Olúwo, àrọ̀ nìkan ló gbówó lórí.

Mo ti ka àròkọ tí o fún mi lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, èyí tí o ká kékeré bí ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà, tí o ní kí n má jẹ́ kí bàbá rẹ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Orí fíríìsà ló wà, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. 19 nínú 50. O ní tíṣà yín kò fẹ́ràn rẹ, omi sì ń lé ròrò lójú rẹ. N kò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó dúró tì wá. Ó yá, jẹ́ kí n dá ọ lóhùn wàyí.

O kọ ọ́ pé, "My mother is a notorious fish seller in Epe."

Mo mú un tọ Bàbá Tíṣà ẹ̀yìnkùlé wa lọ. Wọ́n kà á, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí ìyàwó wọn sáré jáde pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ìyá Àṣàkẹ́, ọmọ yín ti fi yín sun ọlọ́pàá." Wọ́n wá là á yé mi. Ẹni tí wọ́n bá pè ní "notorious", òkìkí ibi ló ní: olè, gbájúẹ̀, tàbí kọ́nà kan tí mọ́tò ti ń dànù ṣáá. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn lásán ni "famous" tàbí "well known". Oríkì lo fẹ́ kì mí, àárín àwọn adigunjalè lo bá gbé mi sí. Inú kò bí mi o. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó wà ní ìsọ̀ mi, ó sì ti di orúkọ mi. Ìyá Sùlíyà kì í kí mi láàárọ̀ mọ́ láì kọ́kọ́ ní, "Notorious, ẹ káàárọ̀."

Tíṣà yín kò kórìíra rẹ. Bàbá Tíṣà ti máàkì ìwé ìdánwò fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ṣàlàyé bí WAEC ṣe ń pín 50 yẹn. 10 wà fún kókó ohun tí o sọ, 10 wà fún bí o ṣe tò ó, 10 wà fún sípẹ́lì, àmì àti gírámà, níbi tí wọ́n ti ń yọ ìdajì máàkì fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ìlò èdè ló ń kó 20. Bí o ṣe ń yan ọ̀rọ̀ àti bí o ṣe ń tò ó pọ̀ ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Kókó rẹ dára, kódà mo rí Ọjà Olúwo kedere nínú rẹ̀, títí dé orí ọmọ tí ń sọkún lẹ́bàá agbada. Ibi ọ̀rọ̀ ni o ti ṣubú. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni tíṣà yín fi bírò pupa kọ "wrong word" sí i. Mo kà á.

Mo mọ ibi tí ó ti wá. Ìwé kékeré rẹ aláwọ̀ pupa ni. Láti JSS3 lo ti ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá lójúmọ́ láti inú díkíṣọ́nárì sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà. Mo máa ń fi ọ́ yangàn lọ́jà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o kò mọ̀ rárá kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan, nítorí pé ìwọ náà mọ̀ pé o kò mọ̀ ọ́n, o ó béèrè tàbí kí o fò ó. Èyí tí o mọ ìdajì rẹ̀ ni kí o ṣọ́ra fún.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. N kò sọ ọ́ fún ọ rí nítorí ìtìjú.

Ọdún tí a bí àbúrò rẹ ni. Ilé oúnjẹ ńlá kan lọ́nà Lẹ́kkí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹja lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá wọn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé òun fẹ́ kílò 40 epìyà, "gutted and scaled", kí ó dé kí agogo mẹ́wàá tó lù. N kò mọ "gutted", mo sì mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n, ni mo bá bi ọmọkùnrin tí ń ta káàdì fóònù nígbà náà. Ó ní kí n kó ìfun wọn jáde ni. Mo pe obìnrin mẹ́ta, a là wọ́n, a fọ̀ wọ́n, wọ́n ń dán gbinrin. "Scaled" ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ bi? Ṣé "scale" kọ́ ló wà lórí tábìlì mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Mo wọ̀n wọ́n. Mo tún wọn wọ́n. Mo tilẹ̀ fi mẹ́ta ṣe èènì.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ẹja débẹ̀ tí fóònù fi dún.

"Madam, I said scaled!"

"Sir, I scaled it. Two times."

"With what?"

"With my scale, sir!"

Ó pa fóònù. Dírẹ́bà kó ẹja padà dé ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, yìnyín ti yọ́ tán. Mo ta gbogbo rẹ̀ lọ́pọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, owó tí mo san fún àwọn tó là wọ́n gan-an kò wọlé. Àwọn ilé oúnjẹ náà kò sì pè mí mọ́.

Ìpẹ́ ni ọkùnrin náà ń sọ, Àṣàkẹ́. "Scale" ni ìpẹ́ ẹja, òun náà ni kí a ha ìpẹ́ kúrò. Òṣùwọ̀n tí ó wà lórí tábìlì mi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olè tó fo ògiri, "he scaled the wall" ni. Lára máàpù ilẹ̀ tí ẹ ń yà ní Jọ́gíráfì, ó tún wà níbẹ̀. Ìpẹ́ tí ó ń lẹ̀ mọ́ apá mi lójoojúmọ́, tí mo ń fi ọṣẹ fọ̀ kúrò kí n tó jẹun, n kò mọ orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ mo ti ń pe orúkọ náà láti kékeré.

Kí ló fà á? Ilé ìwé tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, wọ́n á gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn, a ó sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilé ìwé yóò fi parí. Nítorí náà, bí tíṣà bá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan, ta ló jẹ́ béèrè pé, "Ṣé ìpẹ́ ni àbí òṣùwọ̀n?" A ó kàn mi orí ni, "Yes, sir." Orí mímì yẹn ni mo mì wọ gbọ̀ngàn ìdánwò ní 1998, tí mo fi gba F9 nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ sì lọ sí Àgbádárìgì lọ́dún tó kọjá, ẹ rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, o bá mi sọ̀rọ̀ Àjàyí Crowther débi pé bàbá rẹ ní kí o sinmi. Wò ó dáadáa. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821. Nígbà tí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n gbé e lọ sí Freetown, ibẹ̀ ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1843, wọ́n tẹ ìwé tí ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sí, tí Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi tí ó fi di bíṣọ́ọ̀bù kò gbé èdè ìyá rẹ̀ sọnù kí ó tó lè kọ́ ọ. Ó gbé méjèèjì síwájú ara wọn ni.

Nítorí náà, Yorùbá rẹ ni kí o fi ṣe àtùpà. Ibi tí èdè méjèèjì ti yà síra ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe yín ń gbé. "Yá" kan ṣoṣo la ní: mo yá owó, mo yá a lówó. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì, "borrow" fún ẹni tó gbà, "lend" fún ẹni tó fúnni, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń sọ pé "borrow me your pen". "Kọ́" náà bẹ́ẹ̀: tíṣà ń kọ́ ọ, ìwọ náà ń kọ́ ọ̀rọ̀. "Gbọ́" ló burú jù. À ń gbọ́ ariwo, à ń gbọ́ èdè, à ń gbọ́ òórùn, ọmọ rere sì ń gbọ́ ti ìyá rẹ̀. "Hear", "understand", "smell", "obey", mẹ́rin nìyẹn. O kọ "I heard the smell of fish" nínú àròkọ rẹ, tíṣà sì fa ìlà sí i. Ẹja kì í pariwo, ọmọ mi.

Ohun kejì, ọ̀rọ̀ kì í dá rìn. Wo "pa" tiwa. Apẹja ń pa ẹja, àgbà ń pa òwe, èmi ń pa owó nígbà mìíràn, ìwọ àti àbúrò rẹ ń pa irọ́. Bí àlejò bá sọ pé òun "sọ àlọ́", a ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n a ó mọ̀ pé àlejò ni. Gẹ̀ẹ́sì náà rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í "do" àṣìṣe, wọ́n ń "make" rẹ̀ ni. Òjò ńlá, "heavy rain" ni wọ́n ń pè é, tíì tó ki, "strong tea". Má kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìwé pupa yẹn mọ́. Kọ ọ́ pẹ̀lú ẹni tí ó ń bá rìn.

Díkíṣọ́nárì tí bàbá rẹ rà fún ọ, àpẹẹrẹ gbólóhùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìwọ sì ń fò ó. Bàbá Tíṣà ní nítorí irú àwa tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wa ni wọ́n ṣe ṣe irú rẹ̀. A. S. Hornby, òyìnbó tó ń kọ́ àwọn ará Japan ní Gẹ̀ẹ́sì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é, Oxford sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1948. Gbólóhùn yẹn ni ẹran inú ọbẹ̀. Ìtumọ̀ lásán, omi ọbẹ̀ ni.

Dáwọ́ mẹ́wàá lójúmọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Mú ọ̀rọ̀ kan, kí o fi sọ̀rọ̀ nípa ilé wa tàbí ọjà wa, gbólóhùn tí ará Ẹ̀pẹ́ gbọ́, tí kò ní rẹ́rìn-ín. Bí o kò bá lè ṣe é, ọ̀rọ̀ náà kò tíì di tìrẹ, fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i. Tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. O mọ bí a ṣe ń yan ẹja lórí àgbá. Bí o bá ko iná ńlá mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ á jó, inú rẹ̀ á tutù, kò ní pé ọjọ́ méjì tí ìdin yóò fi yọ. Iná jẹ́ẹ́jẹ́ ni, à ń yí i padà, à ń fi í sílẹ̀, à ń padà sí i.

Bàbá Tíṣà tún sọ ti gbòǹgbò ọ̀rọ̀, pé "port" jẹ mọ́ gbígbé nínú èdè Látìn, kí o wo "import", "export", "portable", títí dé "porter", ìyẹn aláàárù. Ó dára, ṣùgbọ́n èmi kò gbójú lé e tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé o mọ "masticate", tí o kò sì mọ orúkọ àwọ̀n, ìwọ̀, àjẹ̀ àti ẹrẹ̀ tó yí wa ká. Mo bi ọ́ lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, o ní "fish rope". Ní WAEC, wọ́n á mú ọ̀rọ̀ láti inú àyọkà, wọ́n á ní kí o wá òmíràn tí ó lè rọ́pò rẹ̀ bí wọ́n ṣe lò ó níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe lò ó níbẹ̀ o! Ojú tí "scale" fi hàn nínú àyọkà yẹn ni kí o dáhùn, kì í ṣe ojú tí o kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n sí.

Tún àròkọ yẹn kọ. Má ṣe é fún máàkì, èmi ni kí o kọ ọ́ fún. Mo ṣì fẹ́ mọ irú ẹlẹ́ja tí mo jẹ́.

Mo fi páálí kan rán dírẹ́bà Ìtóìkín, yóò já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì yín lọ́jọ́ Ẹtì. Gààrí wà níbẹ̀, mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ, àti ẹja yíyan méjìlá. Mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ tí ìyá rẹ̀ kò rí wá. Ìwé ìròyìn ni mo fi di ẹja náà, mo ṣa èyí tí epo kò tíì bà jẹ́. Má jù ú nù kí o tó kà á. Ojú ìwé tí mo fi di èyí tó tóbi jù, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo fa ìlà sí, n kò mọ̀ ọ́n, Bàbá Tíṣà sì rin ìrìn àjò. Bí o bá ti rí ìdí rẹ̀, fi fóònù ìyá ilé yín pè mí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Notorious.