Àlejò Ló Ń Kàwé Òfin Wọn

Houston, Texas

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Mo gbà pé ara Màámi ti ń yá sí i. Àlàáfíà ni a wà níhìn-ín, àfi ooru.

Ẹ béèrè ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà dé. Ìdánwò ló kù. Ìbéèrè 100 ni mo ń há sórí. Wọ́n á mú 10 bi mí níbẹ̀, bí mo bá ti gba 6, ó parí. Orí ló yọ mí o: àwọn tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ láti 20 oṣù kẹwàá 2025 ti bọ́ sínú ìdánwò tuntun. Ìbéèrè 128 ni tiwọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba 12 nínú 20.

Mo wá gbé ìwé ìbéèrè náà lọ síbi iṣẹ́, mo ń bi àwọn tí wọ́n bí síbí. Ẹ̀ka ìjọba mélòó ló wà? Ọ̀kan ní méjì ni: Democrat àti Republican! Ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń kà. Bẹ́ẹ̀ àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára ọkọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ibi iṣẹ́ wa nìkan. Nígbà tí àjọ Annenberg ní Yunifásítì Pennsylvania wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní 2022, àwọn ará Amẹ́ríkà tó lè dárúkọ ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn aṣòfin, aláṣẹ àti adájọ́, kò tó ìdajì. Ká ní Texas lẹ ti ṣe tíṣà, pàṣán ì bá tán lọ́jà.

Síbẹ̀, wọ́n fẹ́ràn òmìnira tọkàntọkàn. N kò ní purọ́ mọ́ wọn. "Ẹ̀tọ́ mi ni" kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rò pé àtúnṣe òfin ti 1791 tó dáàbò bo ọ̀rọ̀ sísọ de ọ̀gá ilé-iṣẹ́ aládàáni pẹ̀lú. Ìjọba ló dè. Ẹni tí kò mọ ìyẹn á máa jà níbi tí kò lẹ́jọ́, á sì dákẹ́ níbi tó yẹ kó pariwo.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó nìkan ló ń dáhùn láìronú. Nígbà tí a kan ìbéèrè nípa ẹni tó lè dìbò, ó ní ìyá-ìyá òun máa ń san owó kó tó lè dìbò ní Texas yìí. 1966 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí i.

Ìbéèrè 60 ló máa ń dá mi dúró, Bàbá. Àwọn wo ni wọ́n kó wá sí Amẹ́ríkà tí wọ́n tà lẹ́rú? Ará Áfíríkà. Ìbéèrè 62: ta ló kọ Ìkéde Òmìnira? Thomas Jefferson. Òun ló kọ ọ́ ní 1776 pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn, òun náà ló sì ní ẹrú tó lé ní 600 láyé rẹ̀. Ìwé tí mo ń há sórí kò so méjèèjì pọ̀. Ṣé kí n bi òṣìṣẹ́ tó máa bi mí léèrè? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin á ní kí n gba ìwé mi ná.

Oṣù tó ń bọ̀ ni. Ẹ fi àdúrà tì mí lẹ́yìn, ẹ má sì tíì sọ fún Bùọ̀dá Táíwò, kí wọ́n má baà gbé e sórí WhatsApp ẹbí.

Ọmọ yín,
Adébáyọ̀