Ohun Tí Ìwé Àjọ Mi Ń Sọ Lẹ́yìn Omíyalé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí omi bá ti wọlé lágbègbè wa, láti Mile 12 títí dé Agílítì àti Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, àwọn oníròyìn máa ń wá ya fọ́tò ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn láàárín àdúgbò. Bí omi bá ti fà, a kì í rí wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí omi bá fà gan-an ni ìyà ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà náà sì ni àwọn èèyàn wa ń ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo Èkó gbọ́. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Alájọ ni mí. Àràárọ̀ ni mò ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà àti oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò wa. Wọ́n ní Alájọ Ṣómólú kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, orí ló fi ń gbé gbogbo rẹ̀. Èmi ń kọ tèmi. Inú ọ̀rá ni mò ń di ìwé náà sí, òun sì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé bí omi bá ti dé ẹnu ọ̀nà. Inú rẹ̀ ni mo ti ń rí ẹni tó ti dìde àti ẹni tó ṣì wà nílẹ̀.

Ẹni tí kì í gbé ọ̀dọ̀ wa lè rò pé òjò nìkan ló ń lé wa kúrò nílé. Òjò ń ṣe tirẹ̀ lóòótọ́. Àwa tí ti ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 ṣojú wa kò lè gbàgbé, ẹ̀mí èèyàn bá a lọ káàkiri Èkó. Ṣùgbọ́n omi tó máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ wa, odò Ògùn ló ń gbé e wá. Láti ọdún 1983 ni dáàmù Ọ̀yán ti wà lápá Abẹ́òkúta, kí àwọn ará Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu. Bó bá kún lóṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá, wọ́n á ṣí i. Omi Ọ̀yán á wọ inú Ògùn, Ògùn á sì gba ọ̀dọ̀ wa kó tó dé ọ̀sà. Oòrùn lè máa ràn ganrínganrín, kí omi máa gun ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, ó pọ̀ débi pé ìjọba kó àwọn kan lára wa lọ sí ibùdó kan ní Àgbọ̀wá. Lọ́dún 2022, tí omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà, tó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé, àwa náà kò bọ́ níbẹ̀.

A ti mọ ohun tí à ń ṣe. Búlọ́ọ̀kù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pákó láti ẹnu ọ̀nà dé títì, sáàtífíkéètì àwọn ọmọ nínú ọ̀rá lókè àjà. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Kétu tàbí Ọjọ́ta á kó ọmọ lọ síbẹ̀. Ṣaláńgá á da sínú kànga, a ò ní lè mu omi kànga mọ́, pure water la ó máa fi se oúnjẹ. Ẹni tí kò rówó rà á ni onígbáméjì ń bá jà.

Nínú ìwé mi, ọ̀sẹ̀ tí omi bá dé, kò sẹ́ni tó ń dá. Gbogbo wọn ló ń gba owó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Alákàrà àti ẹlẹ́kọ ló sì máa ń kọ́kọ́ padà wá, torí owó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀, ilé ìdáná gbogbo èèyàn sì wà nínú ẹrẹ̀, oúnjẹ títà la jọ ń jẹ. Àwọn aláta ló máa ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó ń kó ata àti tòmátì wá sí ọjà Mile 12 láti Òkè Ọya máa ń tà fún wọn láwìn: gbé e, tà á, mú owó wá lálẹ́. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sínú ìròyìn pé àwìn yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ ilé dìde.

Aránṣọ kan wà nínú ìwé mi tí tirẹ̀ pẹ́ gan-an. Ó gbé orí ẹ̀rọ rẹ̀ sá lórí, ṣùgbọ́n aṣọ àwọn oníbàárà wà nínú àpò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, léèsì aṣọ ẹbí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ títí, ẹrẹ̀ kò kúrò. Ó di gbèsè sí i lọ́rùn. Aláta kan lára àwọn tó jẹ lówó ló sọ fún un pé kó má san owó, kó máa rán aṣọ ilé ìwé fáwọn ọmọ òun títí owó náà á fi pé. Àwọn mìíràn gbọ́, àwọn náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà wá dá àjọ, ìdajì ohun tó ń dá tẹ́lẹ̀ ló mú wá. Mo gbà á, mo kọ ọ́, inú mi dùn.

Ìyá kan tún wà tí omi gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ lóru. Àwọn obìnrin àdúgbò ń gba ara wọn ní ipò láti sùn tì í. Ẹni tí ìsọ̀ wọn kángun síra ń bá a ta ọjà, ó ń kó owó rẹ̀ fún un lálẹ́, ó sì ń bá a dá àjọ rẹ̀. Orúkọ ìyá yẹn kò fò rárá nínú ìwé mi, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì lè jáde síta.

Ní ti ìrànlọ́wọ́, ìrẹsì àti fóòmù ló máa ń dé, ẹ̀yìn ìgbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í bá orúkọ ara wa nínú ìwé àwọn tó wá pín in. A dúpẹ́ ohun tó bá dé. Ṣùgbọ́n owó òwò ni a nílò, ní ọ̀sẹ̀ tí omi bá fà. Kí wọ́n bá ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwa alájọ sọ̀rọ̀. A mọ ohun tí oníkálukú ń tà, a mọ iye tó ń dá lójúmọ́, ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ kò lè yọ́ orúkọ wọ inú ìwé wa.

Àwọn kan ń sọ pé ká kó kúrò. Mi ò ní ká máa kọ́lé dí ojú odò, ó sì yẹ kí wọ́n dá ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ayálégbé tí ọjà tó ń fún un lóúnjẹ wà ní Mile 12, tó ti san owó ilé sílẹ̀, kí ló fẹ́ fi gba yàrá síbòmíràn?

Olóòtú, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù Ọ̀yán: ọjọ́ wo ni wọ́n máa ṣí omi lọ́dún yìí, báwo ló sì ṣe máa pọ̀ tó? Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá sí ojú ewé àkọ́kọ́. A ó kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọjà, ní mọ́sáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí aránṣọ lè kó aṣọ oníbàárà lọ sí Kétu kí omi tó dé.

Èmi ni,
Ìyá Alájọ,
Agílítì, Mile 12, Èkó.